Agbo Tó Yí Àlejò Ká

Nígbà tí àwọn àgbà Sabon Zongo ní Accra ní kí àdúgbò dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Olè ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án láàárín oṣù méjì, inú ń bí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn mọ́kànlélógún péré ló kù. Iṣẹ́ kọ́ ló lé àwọn yòókù lọ. Ìbọn ni wọ́n ń retí, tàbí ó kéré tán àdá, ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ kò sì mú ju fèrè kékeré lọ wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ na ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí ohun tó rú yín lójú, ẹ pè wá. Bí ẹ bá mú èèyàn, ẹ dì í mú títí a ó fi dé. Bí ẹ bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin gan-an ni a máa wá mú."

Ọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. "Kí ni kí n wá fi fèrè ṣe? Ṣé bọ́ọ̀lù la fẹ́ gbá ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun àti àwọn mẹ́rin kan sì bá tiwọn lọ.

Àtàndá ni àwọn tó kù fi ṣe alága. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ló ń ṣe nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá. Accra ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìnìṣà ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Twi àti Gã, kò sì sí èyí tí ahọ́n rẹ̀ ń fà nínú gbogbo rẹ̀. Kì í pariwo. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí, nítorí kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí i pé ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan rí. Àtàndá fẹ́ràn kí gbogbo èèyàn fẹ́ràn òun. Ó mọ èyí nípa ara rẹ̀, kò sì rí i bí àbùkù.

Rasheedah, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ní ibùdókọ̀ Tudu, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ilé ìkẹ́rù tirẹ̀ ní àdúgbò wà lára ibi mẹ́sàn-án tí olè fọ́. Ẹni tí wọ́n sì ní kó máa kọ́ wọn ni Mùbárákù, tí gbogbo wọn ń pè ní Sájẹ́ntì. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Gã ni ìyá rẹ̀. Ó ti ṣe sójà fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti bá àwọn olùpẹ̀tù-síjà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti di olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Tema báyìí. Àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ni wọ́n máa ń pàdé ní pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò náà.

Èdè ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Sájẹ́ntì ń pàṣẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe ń pa á fún òun nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn kan á yà sọ́tùn-ún, àwọn kan á yà sósì, àwọn àgbà tó wà níwájú á kàn dúró máa wò ó. Wọ́n ní kí wọ́n lo Hausa, ni Kwatei, ọmọ Gã tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, bá káwọ́ lérí. "Ṣé ilẹ̀ Hausa la wà ni?" Wọ́n ní kó jẹ́ Twi, àwọn kan ní èdè ọjà nìyẹn lẹ́nu àwọn, àwọn ò lè gbọ́ ọ nígbà tí àyà bá ń já. Odindi àárọ̀ kan ni wọ́n fi jiyàn. Nígbà tó sú Rasheedah, ó ki fèrè bọ ẹnu, ó fọn ọ́n títí gbogbo wọn fi di etí.

"Èyí náà ńkọ́?" ló ní. "Èdè ta ni?"

Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan, dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ súnmọ́ ara yín. Bó bá jẹ́ ọ̀kan gígùn, kí ẹni tó bá súnmọ́ ojú títì jù lọ sáré lọ pe ọlọ́pàá.

Wàhálà kejì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Sájẹ́ntì ní kí wọ́n máa sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin, kí gbogbo wọn sì jọ parí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kù sẹ́yìn, gbogbo wọn á tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kù sẹ́yìn kò yí padà: Usamah ni.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Usamah, télọ̀ ni, ó sanra, orúnkún rẹ̀ kan kò sì dáa. Bàbá rẹ̀ pàápàá, Accra ni wọ́n bí i sí. Ìyá-ìyá rẹ̀ tó wá láti Ìlọrin ló tọ́ ọ ní kékeré, ṣùgbọ́n ìyá náà ti kú nígbà tí Usamah wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, Yorùbá tó kù sí i lẹ́nu kò sì kún ọwọ́. Bí àwọn àgbà bá kí i ní Yorùbá, Twi ló fi ń dá wọn lóhùn, wọ́n á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n sáré yí pápá ká nítorí rẹ̀. Àtàndá lọ fọ ojú níbi ẹ̀rọ omi, ó sì gbọ́ tí Kwatei ń sọ fún ẹlòmíràn pé ó yẹ kí àwọn ṣe nǹkan kan kí ọkùnrin yẹn má bàa tún yọjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ Gã ni ọ̀kan, ọmọ Kòtókólì ni èkejì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọn kì í kí ara wọn. Àtàndá dúró pẹ̀lú omi lójú. Ó rí i pé ẹgbẹ́ náà ti ń ṣọ̀kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí Usamah ni wọ́n ti ṣọ̀kan.

Ó lọ bá Sájẹ́ntì nínú ilé lọ́jọ́ kejì.

Mùbárákù ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á fi ìyà jẹ gbogbo yín pọ̀, títí ẹ ó fi jọ kórìíra ọ̀gá. Bí ẹ bá ti jọ kórìíra ọ̀gá, ẹ ti di ọmọ ìyá nìyẹn."

"Ìwọ lọ̀gá níbí. Ṣé ìwọ ni wọ́n kórìíra?"

 Mùbárákù ń fi ìka yí ife tíì tó wà níwájú rẹ̀.

Àtàndá tún ní, "Nínú bárékè, ta ló lè dìde kó ní òun ń lọ sílé? Ilẹ̀kùn tì pa. Àwọn tiwa níbí, ẹni tó bá ti sú á kàn sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni. Kò sí ohun tó dè wọ́n mọ́ wa, àfi tó bá wù wọ́n."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń ṣe yìí, mo ti rí ibi tó ń lọ."

Mùbárákù kì í ṣe agídí. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó fi Usamah síwájú pátápátá, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ìrìn ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ pápá ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì jọ parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pín wọn ní méjì méjì, ẹni tí èdè wọn kò papọ̀, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ kí èkejì rẹ̀ nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Kó mọ ilé. Kó mọ ìyàwó tàbí ọkọ. Kó mọ ohun tó ń dun ẹni náà nínú ara. Kwatei ló mú fún Usamah, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Inú Kwatei kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n ó lọ, ó bá Usamah nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wà lórí ìrọ̀rí, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ ẹ̀rọ. Ó bi í pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ náà, Usamah ní tírótìró, ọkọ̀ akérò, ló gbá òun nígbà tí òun ń fa ọmọ ọlọ́mọ kan kúrò lójú títì. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò tó nǹkan. Sátidé tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rìn wá sí pápá.

Láti ìgbà náà ni Sájẹ́ntì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ohun tó ní òun gan-an tìtorí rẹ̀ gba iṣẹ́ náà. Ó pè é ní agbo. Ẹnì kan á jókòó sílẹ̀ láàárín. Àwọn mẹ́wàá á kọ́ apá mọ́ra wọn yí i ká, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á kọjú síta. Àwọn yòókù á máa tì wọ́n, wọ́n á máa bú wọn, wọ́n á máa sọ iyanrìn lù wọ́n. Agbo kò gbọdọ̀ já, apá ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé sókè.

Ó sọ fún wọn pé, "Ní ilẹ̀ tí mo lọ, èrò ń sọ òkúta lù wá lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan nínú wa gbé kóńdó sókè, ó fi ṣẹ́ bàbá arúgbó kan lápá. Òkúta dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n títí a fi kúrò nílùú náà, kò sẹ́ni tó tún kí wa. Olè ń jà níbẹ̀, wọn ò sọ fún wa. Bọ́ǹbù wà lójú ọ̀nà, wọn ò sọ fún wa."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe agbo, Rasheedah gbá ọkùnrin kan létí. Sájẹ́ntì ní kó máa lọ sílé, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ó bú ìyá mi!" Rasheedah ń pariwo.

"Ìyá rẹ ò sí níbí," Sájẹ́ntì ní. "Ẹni tó wà láàárín agbo ló wà níbí."

Àtàndá ni agbo rọrùn fún jù. Kò sí èébú tó wọ̀ ọ́ lára. Sájẹ́ntì a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù.

Ọkùnrin kan wá bá wọn ní àkókò náà, ẹ̀wù ọgbọ̀n ló kó sínú àpò, àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló sì wà lára wọn. Ó ní ọ̀gá òun gbọ́ nípa iṣẹ́ rere wọn, ọ̀gá òun fẹ́ fún wọn ní alùpùpù mẹ́ta. Àwọn kan ti ń na ẹ̀wù náà mọ́ àyà wò. Rasheedah bi í léèrè pé, "Bí ìbò bá parí, ta ló ni wá?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún un. Wọ́n pàdánù ẹni méjì sí i lọ́jọ́ náà.

Bí oṣù mẹ́rin ṣe ń lọ báyìí ni Sátidé kan dé tí Sájẹ́ntì kò lè wá. Iṣẹ́ dè é mọ́lẹ̀ ní Tema, ó ní kí Àtàndá darí wọn. Wọ́n ti ṣe tán, oòrùn ti yọ, Rasheedah ń pín omi inú ọ̀rá fún wọn, nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo lójú títì.

"Julọ! Julọ!" ni àwọn Gã ń pariwo. "Bàráwò!" ni àwọn Hausa ń pariwo. Ohun kan náà ni méjèèjì: olè.

Ọkùnrin kan já wọ pápá láti ẹnu géètì, bí ẹni ogójì ọdún, bàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, èkejì wà lásán. Ó gbé báàgì ńlá kan, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá aláwọ̀ búlúù àti pupa hun, sí èjìká. Bí àádọ́ta èèyàn ló ń lé e bọ̀. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ọlọ́kadà níwájú wọn, ó ń nawọ́, ó ń sunkún, "Òun ni! Báàgì mi nìyẹn!" Ẹnì kan ju àfọ́kù bíríkì. Ó bà á níwájú orí, ọkùnrin náà sì ṣubú lulẹ̀ ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí Àtàndá dúró sí.

Àtàndá kò rò ó. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọn ọ̀kan gígùn sí i. Kí àwọn èrò tó dé, wọ́n ti kọ́ apá mọ́ra, wọ́n ti yí ọkùnrin náà ká, Usamah lápá ọ̀tún Àtàndá, Kwatei lápá ọ̀tún Usamah. Fèrè kẹta, èyí tó gùn, Rasheedah ló kàn, òun ló súnmọ́ géètì jù. Ó ju ọ̀rá omi nù, ó sáré jáde lọ pe ọlọ́pàá.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún wa!" Ọkùnrin kan ti bọ́ bẹ́líìtì. Òmíràn mú irin lọ́wọ́. Wọ́n ń tì wọ́n, wọ́n ń bú wọn, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe é láàárín ara wọn, àfi pé òórùn ìbínú wà lára àwọn wọ̀nyí.

Nígbà náà ni ọkùnrin tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Àtàndá. Yorùbá ni.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbọ́ Yorùbá níbí? Mi ò jalè! Báàgì tèmi ni! Èmi àti obìnrin yẹn la jọ wọ ọkọ̀ láti ẹnubodè Aflao, Tudu la ti sọ̀! Ẹ ṣí i wò, iṣẹ́ táìlì ni mo ń ṣe, irinṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀! Ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́!"

Bàbá kan láàárín àwọn èrò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Anago ni! Ẹ gbọ́ èdè rẹ̀!" Orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Bàbá náà wá wo Àtàndá lójú. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, oṣù tó kọjá ni Àtàndá bá a tún fíríìjì rẹ̀ ṣe. "Alága, ará yín ni? Ṣé torí pé ará yín ni lẹ ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Àtàndá. Ó rò ó wéréwéré pé bí òun bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n ní Yorùbá, wọ́n á ní ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ti di ẹgbẹ́ Anago. Àwọn tí òun kọ́ apá mọ́ pàápàá lè gbà bẹ́ẹ̀. Agbo á já, wọ́n á sì pa ọkùnrin yìí. Ó rò gbogbo èyí, òótọ́ sì lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ èrò náà, ohun kan tún wà tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò fẹ́ kí bàbá yẹn máa wo òun báyẹn.

Ó dáhùn ní Twi. "Èmi ò mọ̀ ọ́n rí. A ò mọ ohun tó ń sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́," ọkùnrin náà ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀jẹ̀ ti wọ ọkùnrin náà lójú. Nígbà tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ó rò pé ṣe ni àwọn tó yí òun ká há òun mọ́ fún àwọn tó ń lé òun. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ti ẹ̀yìn wọn, ó fẹ́ já síta láàárín Usamah àti Kwatei. Bó bá já síta, ó tán nìyẹn. Apá wọn ń yọ̀. Usamah yí orí padà, ó wò ó, ó sì la ẹnu.

"Pẹ̀lẹ́," ló wí. "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ó ti tó. Jókòó, ọmọ mi. Dákẹ́. Mo wà ńbí. Kò sí nǹkan. Dákẹ́, ọmọ mi."

Gbogbo Yorùbá tó ní nìyẹn. Ohun tí ìyá-ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún un nìyẹn nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tó bá ṣubú. Ó ń sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ju òun lọ lọ́jọ́ orí, pẹ̀lú ohùn ìyá arúgbó. Ọkùnrin náà dúró, ó wò ó. Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

"Òun náà ń sọ Anago!" ẹnì kan pariwo, òkúta sì ba Usamah ní èjìká. Ó gbọ̀n, kò já apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ń sọ ọ́, "Pẹ̀lẹ́. Mo wà ńbí."

Kwatei ló bú sí Gã. Ó ní kí ẹni tó ju òkúta yẹn jáde kí òun rí i. Ó ní arákùnrin òun ni Usamah. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ju òmíràn, kí wọ́n jù ú lu òun, kí wọ́n wá lọ ṣàlàyé fún ìyá òun, gbogbo wọn mọ ilé rẹ̀. Wọ́n mọ ilé náà lóòótọ́. Ẹni tó mú irin gbé e sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ, ariwo kò sì dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n òkúta kò tún wá. Wọ́n dúró báyẹn títí Rasheedah fi dé pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ṣí báàgì náà. Aṣọ ọmọdé ló kún inú rẹ̀, àti ègé lẹ́ẹ̀sì, tí obìnrin náà rà ní Lomé. Ọkùnrin náà káwọ́ lérí. "Tèmi kọ́ nìyí," ló ń wí. "Tèmi kọ́ nìyí!" Ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé béèrè pé ta ló lè túmọ̀. Rasheedah ti lọ wá ẹni tó máa gbé ọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn, Usamah kò sì lè ṣe é. Àtàndá súnmọ́ tábìlì. Ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: orúkọ rẹ̀ ni Abdulhameed, Ṣakí ló ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń lọ. Ọlọ́pàá tẹ àwọn ará ibùdókọ̀ Tudu láago. Báàgì kejì, tó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì, wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí èrò máa ń jókòó lé. Irinṣẹ́ táìlì ló wà nínú rẹ̀.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú Abdulhameed, ó ń bẹ̀ ẹ́. Abdulhameed ní kó dìde. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí Àtàndá, ó wò ó títí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ẹ̀yìn sí mi," ló ní. "Ẹ̀wù yín yìí ni mò ń wò."

"Èmi ni."

"Ẹ gbọ́ mi nígbà náà?"

"Mo gbọ́ ọ."

Abdulhameed mi orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọ̀nà tó kù fún. Kò bú u. Ohun tó béèrè ni pé, "Ẹni tó ń pè mí ní ọmọ rẹ̀ yẹn, ta ni?"

Lójú ọ̀nà ilé, ìyá Àtàndá ló ń wá sí i lọ́kàn. Ní ọdún 1969, tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ó kúrò ní Ghana, ìyá rẹ̀ ti di ẹrù fún ìrìnàjò náà, ọdún mẹ́ta ló sì lò ní Ìnìṣà kó tó padà wá. Títí tó fi kú, kì í sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó lé wọn. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ wọn, àwọn tó dúró ní òdìkejì ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Wọn ò bú wa, ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. Wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni pé wọn ò mọ̀ wá. Àtàndá ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún, àwọn aládùúgbò yẹn ló sì máa ń bínú sí.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Sájẹ́ntì dé, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. "Agbo ò já," ló ń tún sọ. "Mi ò sí níbẹ̀, agbo ò já!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Usamah ń fi èjìká rẹ̀ tó wú hàn. Àtàndá dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó sọ ọ́ ní Hausa, ó tún un sọ ní Twi, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun kò gbọ́: ọkùnrin náà ní kí wọ́n ṣí báàgì, òun gbọ́, òun sì parọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Kwatei ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bí ẹ bá ti sọ ọ́, wọ́n á ti ṣí báàgì. Òkúta yẹn ì bá má ba Usamah."

Ọkùnrin Kòtókólì náà ní, "Tàbí kí wọ́n bá aṣọ obìnrin náà níbẹ̀, kí wọ́n sì pa gbogbo wa. Ṣé o ò rí ojú wọn ni?"

Wọ́n jiyàn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.  Rasheedah ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé tó mọ̀ dáadáa, tó wá rí yàrá kan níbẹ̀ tí kò wọ̀ rí.

Sájẹ́ntì ló dá wọn dúró níkẹyìn. "Èmi ò lè sọ ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n ṣe, mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí àṣìṣe tèmi. Gbogbo ìgbà tí a ti ń ṣe agbo, ẹni tó wà láàárín, ṣe ló máa ń dákẹ́. Èmi ni mo ní kó dákẹ́. Mo kọ́ yín bí ẹ ṣe máa fara da ẹni tó wà níta, mi ò kọ́ yín bí ẹ ṣe máa gbọ́ ẹni tó wà nínú." Ó wò wọ́n yíká. "Láti òní lọ, á máa sọ̀rọ̀. A ó máa fi ẹnì kan sẹ́yìn rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó gbọ́ ọ."

Àtàndá ní kí wọ́n yan alága mìíràn. Àwọn kan ní rárá, ṣùgbọ́n kò gbà. Rasheedah ni wọ́n mú. Òun náà kò yọ̀ sí i. Ó kàn bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ẹ ò ní fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, àbí?" Ó ní òun kò ní fi í sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí nígbà tí wọ́n ń sáré, eruku gbogbo wọn sì ń wọ̀ ọ́ nímú.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó lè lọ sí ibi tí Abdulhameed ti ń ṣiṣẹ́. Ilé alájà méjì ni, Abdulhameed wà lórí orúnkún nínú bálùwẹ̀, ó ń fi òòlù onírọ́bà lu táìlì mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Báńdéèjì ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó rí Àtàndá, ó kí i bó ṣe yẹ kí ọmọdé kí àgbà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àtàndá jókòó lé páálí táìlì. Ó ti ronú ohun tó máa sọ látọ̀nà wá.

"Má bínú," ló wá wí.

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Mi ò wá kí o lè ní kò burú."

"Ó burú," Abdulhameed ní. Ó nu sìmẹ́ńtì kúrò létí táìlì. "Ṣùgbọ́n mo wà láàyè. Mo ń rò ó lóru pé, bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín ńkọ́? Mi ò tíì rí ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

 Nígbà tó yá, Abdulhameed jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ní èdè ibí yìí ti tojú sú òun. Ó ní òun ò lè ra búrẹ́dì láìnawọ́ sí i bí odi.

"Kí ni wọ́n ń pe 'ẹ ràn mí lọ́wọ́' ní Twi?" ló béèrè.

"*Mommoa me*," Àtàndá ní.

Abdulhameed gbìyànjú rẹ̀. Kò bọ́ sí i lẹ́nu. Àtàndá tún un sọ fún un, díẹ̀díẹ̀, ó ní kó pa ètè pọ̀ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ó tún sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i sọ.

"Ó kù díẹ̀," Àtàndá ní, ó sì fa páálí rẹ̀ súnmọ́ ọn.